Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń gbin tòmátì níbi tí ilẹ̀ ti dì gbagidi?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo Inuvik, ní àríwá Kánádà lọ́hùn-ún. Ẹ fi ọkọ́ walẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, kódà nígbà ooru, ilẹ̀ dídì ni ọkọ́ máa bá. Lọ́dún 1998, wọ́n gba gbọ̀ngàn àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń gbá họ́kì lórí yìnyín, wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀, wọ́n fi èyí tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé rọ́pò rẹ̀. Inú àpótí tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ kún làwọn ará ìlú ń gbin tòmátì àti ẹ̀fọ́ sí, kálukú pẹ̀lú ààyè tirẹ̀.

Oòrùn gan-an ló ń gbè wọ́n. Ó lé ní 50 ọjọ́ lọ́dún tí kì í wọ̀ rárá, òru bí ọ̀sán, ewéko ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun sinmi! Àmọ́ oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án nìkan ni wọ́n ń gbin nǹkan níbẹ̀.

Ní Kotzebue, ní Alaska, kọ̀ǹténà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2016: iná LED dípò oòrùn, omi tí wọ́n po oúnjẹ ewéko sí dípò ilẹ̀. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù, ṣùgbọ́n owó iná rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Kí ló dé tí wọn ò kàn ra ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbé wá láti ibòmíì? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ Inuvik láti gúúsù, odò sì dá a kọjá. Bí odò bá ń dì tàbí tó ń yọ́, ọkọ̀ ojú omi ò lè kọjá, mọ́tò ò sì lè gun yìnyín. Ọkọ̀ òfuurufú ló kù, ẹ sì mọ iye tí ẹ̀fọ́ tó wọ bàálù máa jẹ́.