Ta Ló Ní Kóo Máa Bá A Parí Ọ̀rọ̀?

Ọmọ Àpẹ̀tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà ẹ kí n tó lè jókòó dá ẹ lóhùn. Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú kọ̀wé sí ọmọ ọlọ́mọ.

Kí àwọn tó kù lè bá wa lọ: ọmọ ọdún 24 ni, Linguistics ló kà, 2:1 ló fi jáde, ó ti sìnrú ìlú tán, ó wá fẹ́ lọ ka master's nínú Speech-Language Pathology l'Amẹ́ríkà, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ tàbí oúnjẹ gbígbé mì bá ń dà láàmú. Ó bi mí ní nǹkan mẹ́ta. Ṣé kóun ṣe GRE (ìdánwò tí àwọn ilé ìwé kan l'Amẹ́ríkà máa ń béèrè kí wọ́n tó gbani fún master's), ta ló yẹ kó kọ lẹ́tà recommendation fóun, báwo lòun ṣe máa bẹ̀rẹ̀ personal statement òun, ìyẹn ìwé téèyàn fi ń sọ nípa ara ẹ̀ fún ilé ìwé, tó fi máa wọ àwọn òyìnbó yẹn lákínyẹmí ara. Ó wá ju gbólóhùn kan sáàárín, bó ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe dà á kọ: "Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ń kólòlò gan-an mà, èmi ni mo máa ń bá a parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà fi ṣẹ̀sín, kódà tí a bá wà nínú mọ́tò èmi ni mo máa ń bá a sọ 'ó wà o'. Ìtàn ẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ statement mi." Ó tán. Ní ìlà tó tẹ̀lé e, ó ti padà sórí GRE.

Èwo ni ti GRE nínú èyí?

Bóo ṣe sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló dùn mí jù. O kọ ọ́ bí ẹni pé oore lo ń ṣe. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, mi ò ní kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 17! Ó ti tó JAMB ṣe, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣì ń bá a sọ "ó wà o" nínú mọ́tò. Tó bá dá wọ Micra láti Àpẹ̀tẹ̀ lọ sí Sángo, ta ló máa bá a sọ ọ́? Àbí á jókòó títí ẹlòmíì á fi sọ̀, kó tó bá wọn sọ̀? Má rò pé mo ń ṣàsọdùn o. Mo mọ àgbà ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi pé ọdún gbọọrọ lòun fi ń sọ̀ kọjá ibi tóun ń lọ, òun á wá fẹsẹ̀ rìn padà, torí "Mọ́kọ́lá" kì í jáde lẹ́nu òun.

Iṣẹ́ tóo ní o fẹ́ lọ kọ́ yìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ fún àwọn ará ilé akólòlò nìyí: ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀. Ẹ má sọ fún un pé kó mí kanlẹ̀, ẹ má sọ pé "rọra, rọra", ẹ má gbójú kúrò lójú ẹ̀ bí ẹni tí ìtìjú mú, ẹ kàn dúró, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ dípò bó ṣe ń sọ ọ́. Ìdí ẹ̀ ò ṣòro. Gbogbo ìgbà tóo bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀, ohun tó ń gbọ́ ni pé ohùn òun ò ṣe é dúró dè. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Wọ́n á bi í níbo lo ń gbé, Àpẹ̀tẹ̀ ni, á rí i pé "à" yẹn fẹ́ há, á ní Sángo. Ó fẹ́ ra búrẹ́dì, á ní "ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ fún mi ní gààrí". Àwọn èèyàn á máa ní kò kólòlò mọ́, ọlọ́run ti ṣe é, láì mọ̀ pé ọmọ ti ń fi irọ́ gbé ayé ẹ̀ nítorí ìró kan ṣoṣo.

Kò sì sí ẹni tó ṣe é ní nǹkan kan o. Ẹ̀rù kọ́ ló fà á, kò sín ẹnikẹ́ni jẹ, nína ò lè mú un kúrò. Ó máa ń wà nínú ẹbí, ó ní bí ọpọlọ ṣe ń to ọ̀rọ̀ sísọ tó yàtọ̀ díẹ̀ lára àwọn tó ní i, ó sì pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì mẹ́ta ló máa ń fi sílẹ̀, àwọn díẹ̀ ló máa ń bá dàgbà, nínú àgbàlagbà 100 ó máa ń tó ẹnì kan. Tó bá ti wà lára ọmọ títí dé 17, ó ṣeé ṣe kó máa bá a lọ, ìtọ́jú tó dáa ló máa jẹ́ kó lè máa sọ̀rọ̀ láìfòyà, yálà ó kólòlò tàbí kò kólòlò. Àwọn àgbà wa ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Wò ó dáadáa. Akólòlò ni wọ́n ní á pe baba, wọn ò ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló máa bá a pè é.

Jẹ́ n sọ ìdí tó fi ká mi lára tó báyìí. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ náà sì lọ. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé apá òsì ọpọlọ ló bà jẹ́, ibẹ̀ náà ló ń darí ọ̀rọ̀ sísọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, aphasia ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ́n ò kúrò lórí ìyá mi, ó mọ gbogbo wa, ó mọ ohun tó fẹ́, ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́ ni ò rí mọ́. Àwa ọmọ mẹ́rin wá di agbẹnusọ. Bó bá ṣe ń la ẹnu báyìí ẹnì kan á ní omi ni, ẹlòmíì á ní ó fẹ́ tọ̀, á máa fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì, a ní inú ń bí i, a ní àìsàn ọ̀hún ló ń fa ìbínú. Ọmọbìnrin kan wá dé lọ́jọ́ kan, speech therapist, ọmọ kékeré bíi tìẹ yìí, ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì títí ojú ẹ̀ fi bá ojú ìyá mi dọ́gba, ó ní "Màmá, kí lẹ fẹ́?" Ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, ọmọ yẹn gbé ọwọ́ sókè sí i láì bojú wẹ̀yìn. Gbogbo wa ń wo aago ara ògiri. Ìyá mi ń làágùn. Ó ní "fè", ó dúró, ó ní "fèrè", ó tún dúró, ó wá ní "fèrèsé". Fèrèsé! Oòrùn ọ̀sán tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló ti ń ta á lójú láti ọjọ́ mẹ́ta, àwa ń gbé omi fún un. Mo dìde mo fa kọ́tìnnì, mo bọ́ síta mo sunkún.

Nítorí náà mo ń bi ẹ́, ṣé o ti bi àbúrò ẹ? Kóo tó gbé kíkólòlò ẹ̀ lọ fún àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí, ṣé o bi í bóyá ó fẹ́? Kò sí nínú lẹ́tà ẹ. Ohun tó fẹ́ràn ò sí níbẹ̀, ohun tó fẹ́ dà lọ́la ò sí níbẹ̀, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ ò ju pé ó ń kólòlò. Lẹ́tà báyìí sì pọ̀ lọ́wọ́ mi, ìyá àgbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó pé ọdún mẹ́ta tí ò tíì sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rìnrìn-àjò á wá sọ wọ́n di àkàbà. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun kejì: ojú ìwé mẹ́ta lo kọ, kò sí ibì kan tóo ti ní o wọ klíníkì rí. Ìwọ tó ń gbé Ìbàdàn! UCH wà ní Ọ̀rítamẹ́fà níbẹ̀, ẹ̀ka Special Education wà ní UI tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní Speech Pathology àti Audiology láti ọjọ́ pípẹ́. Kọ lẹ́tà, lọ bẹ̀ wọ́n, ní o fẹ́ wá jókòó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ gba CCC-SLP, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí tí ASHA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà l'Amẹ́ríkà, ń fúnni, gbọ́dọ̀ ní wákàtí 400 pẹ̀lú aláìsàn, 25 nínú ẹ̀ ni wíwò, 375 ni fífi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, lẹ́yìn ìyẹn ìdánwò Praxis, lẹ́yìn ìyẹn Clinical Fellowship, iṣẹ́ téèyàn ń ṣe lábẹ́ àbójútó ọ̀gá, tí ò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 36. Òótọ́ ni pé wákàtí tóo bá fi wò níbí lè má wọ inú ìṣirò tiwọn, torí ẹni tó ní CCC fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ kó fọwọ́ sí i. Lọ síbẹ̀ náà. Lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ bàbá àgbà bí á ṣe gbé ẹ̀kọ mì kó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, kóo mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí lo fẹ́ àbí Amẹ́ríkà lo fẹ́.

Ó dáa, àwọn ìbéèrè ẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ò béèrè GRE mọ́, yẹ tiwọn wò níkọ̀ọ̀kan kóo tó náwó. Lẹ́tà, àwọn olùkọ́ tó kọ́ ẹ tí wọ́n rí iṣẹ́ ẹ ni kó kọ ọ́, kì í ṣe alága tó mọ bàbá ẹ. CSDCAS, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ̀pọ̀ wọn fi ń gba fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ á sì tì í láàárín December sí February, má jẹ́ kí transcript dá ẹ dúró. Èyí tóo ò béèrè ló le jù: ASHA fẹ́ bàọ́lọ́jì, físíìsì tàbí kẹ́místrì, statistics, àti sáíkọ́lọ́jì tàbí irú ẹ̀ nínú transcript, Linguistics nìkan ò lè fún ẹ ní gbogbo ìyẹn, o lè ní láti kọ́kọ́ ṣe leveling, ìyẹn àwọn kọ́ọ̀sì tóo máa fi dí àlàfo yẹn, kí wọ́n tó gbà ẹ́ wọlé gan-an.

Linguistics ẹ ò ṣòfò ṣá o. Ìwọ lo máa mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn tó bá pe ṣọ́ọ̀ṣì ní sọ́ọ̀sì ò ṣàìsàn, èdè ilé ẹ̀ ló ń sọ. Ìwọ náà lo máa mọ̀ pé ọmọ tó bá pe ọkọ̀ ní ọkọ́ ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ìdánwò tí wọ́n ṣe fún ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ò lè gbọ́ ọ láéláé. Kọ ìyẹn sínú statement, tìẹ nìyẹn, o ò ní láti tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti àbúrò ẹ, lọ bẹ̀ ẹ́ kóo tó bi í ní ohunkóhun. Sọ fún un pé o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀, o sì ti mọ̀ pé kò dáa. Tó bá ní òun ò fẹ́ kóo kọ ìtàn òun, ó parí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jọ wọ Micra lọ sí Sángo. Jókòó ti fèrèsé, jẹ́ kí òun wà nítòsí dẹ́rẹ́bà. Tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ ti máa sọ̀, pa ẹnu ẹ mọ́. Tí ó bá sọ ọ́, ẹ sọ̀. Tí ọ̀rọ̀ ò bá jáde títí dẹ́rẹ́bà fi gbé yín kọjá, ẹ jókòó títí tó fi máa sọ ọ́, kẹ́ ẹ wá jọ fẹsẹ̀ rìn padà.