Sikánà ní kò sí nǹkan, orí ṣì ń fọ́ ọmọ: kí ni psychologue fẹ́ ṣe sí i?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 15, ọdún yìí ló yẹ kó ṣe ìdánwò BEPC. Ní nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ sẹ́yìn, ó jókòó sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí alùpùpù, wọ́n ń ti Ìlárà bọ̀, ni ewúrẹ́ bá já sójú ọ̀nà. Wọ́n ṣubú, ó sì forí gbálẹ̀. Kò dákú, àmọ́ ó ń béèrè ohun kan náà léraléra, ó sì bì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egungun tó ṣẹ́. Títí dòní, ojoojúmọ́ lorí ń fọ́ ọ. Kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, kò fẹ́ ariwo, ó ń gbàgbé nǹkan, kì í rí oorun sùn lóru. A ti dá a dúró nílé ìwé, inú yàrá tí a ta aṣọ sí fèrèsé rẹ̀ ló ń wà. Dókítà wá ní ká mú un lọ bá psychologue, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Inú bí bàbá rẹ̀: ṣé wọ́n ní orí ọmọ òun dàrú ni, àbí wọ́n ní irọ́ ló ń pa? Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wo ló fẹ́ wo orí tó ń fọ́? Ṣé ká ṣì jẹ́ kó máa sinmi ni?

Ìyá ọmọ kan, Kétu

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá wa. Psychologue lèmi, n kì í ṣe dókítà, n kì í kọ oògùn fẹ́nikẹ́ni, nítorí náà ibi tí iṣẹ́ mi mọ ni màá dúró sí. Ẹ bá mi sọ fún bàbá ọmọ pé wèrè kọ́, irọ́ sì kọ́.

Ohun tí sikánà ń wá ni ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú agbárí, egungun tó fọ́, ọpọlọ tó wú. Bí orí bá gbálẹ̀, ọpọlọ a mì tìtì nínú agbárí. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ káàkiri inú rẹ̀ a nà, èròjà tó yẹ kó wà nínú wọn a jáde, ti ìta a wọlé, ọpọlọ a sì máa ná agbára tó pọ̀ láti tún ara rẹ̀ tò. Sikánà kì í rí ìyẹn. Pé èsì rẹ̀ mọ́ jẹ́ ohun ìdùnnú, torí a mọ̀ pé ohun tó lè gba ẹ̀mí ọmọ kò sí níbẹ̀. Àmọ́ kò túmọ̀ sí pé ara ọmọ náà yá. Bẹ́ẹ̀ ni kò dìgbà téèyàn bá dákú kí ọpọlọ tó mì.

Ọ̀pọ̀ ọmọdé tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ni ara wọn máa ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kì í ṣe gbogbo wọn. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016, wọ́n tẹ̀ lé ọmọ tó lé ní 3,000 tí wọ́n gbé wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án ní Kánádà. Nígbà tó di ọjọ́ 28, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn ni nǹkan náà kò tíì fi sílẹ̀. Ọmọ yín nìkan kọ́ ló ń ṣe.

Ní báyìí tó ti lé ní oṣù méjì, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ìṣubú yẹn nìkan ló ń dá orí náà lóró mọ́. Ẹ wo bí àwọn nǹkan ṣe ń fa ara wọn lọ́wọ́. Orí fọ́, ó sá fún ìmọ́lẹ̀. Ojú tó ti bá òkùnkùn mọ́lé wá ń kọ ìmọ́lẹ̀ kékeré pàápàá. Kò rìn, kò ṣiṣẹ́, torí náà kò rẹ̀ ẹ́, kò sì rí oorun sùn. Ẹni tí kò sùn a máa gbàgbé nǹkan, orí a sì fọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wá ń ro BEPC, ó ń ro àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti kà kọjá òun, àyà rẹ̀ ń já, iṣan ọrùn àti èjìká rẹ̀ ń le, orí tún fọ́. Ìrora yẹn kì í ṣe àròsọ rárá. Àmọ́ ohun tó ń bọ́ ọ jẹ́ ohun tá a lè fọwọ́ kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Nípa ìsinmi tẹ́ ẹ béèrè: ẹ ká aṣọ fèrèsé yẹn kúrò lónìí, ẹ má dúró dè mí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín ta á, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ló ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Wọn kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2015, ìwádìí kan jáde láti ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà: wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ kan sinmi pátápátá fún ọjọ́ márùn-ún, àwọn yòókù fún ọjọ́ kan sí méjì. Àwọn tó sinmi jù ló wá ń ráhùn jù. Nígbà tí àwọn àgbà nínú ìtọ́jú orí tó gbá nǹkan pàdé ní Amsterdam lọ́dún 2022, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni ìsinmi díẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48, kí wọ́n dín wíwo fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kù lásìkò yẹn, lẹ́yìn náà kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Apá tí wọ́n so mọ́ ọrùn fún oṣù méjì, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u, kì í nà. Bí ti ọmọ yín ṣe rí nìyẹn. A ó rọra nà án ni.

Ẹ wá béèrè pé ọ̀rọ̀ ẹnu wo ló fẹ́ wo orí. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ràn lásán ni, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn tó. Ìtọ́jú tí mò ń sọ, tí wọ́n ń pè ní TCC (thérapie cognitivo-comportementale) lédè Faransé, dà bí iṣẹ́ ilé: a máa ń wo ohun téèyàn ń rò, ohun tó ń ṣe, àti bí méjèèjì ṣe ń kan ara, a ó sì máa yí i padà díẹ̀díẹ̀. Ó sábà máa ń gba bí ìjókòó mẹ́fà sí méjìlá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màá gbọ́ tẹnu yín, lẹ́yìn náà màá ní kẹ́ ẹ jáde, kí èmi àtọmọ nìkan sọ̀rọ̀. Àwọn òbí kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọmọ ọdún 15 kì í sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù lójú ìyá rẹ̀, kó má bàa dá kún ìrònú rẹ̀.

Màá ní kó ra káyé kan, irú èyí tó ń lò ní kíláàsì. Yóò máa kọ ohun tó ṣe, iye ìṣẹ́jú tó fi ṣe é, àti bí orí ṣe ń fọ́ tó láti òdo dé mẹ́wàá. Ojú ìwé kan lè rí báyìí: «Ọjọ́ Ajé. Ìwé ìtàn, ìṣẹ́jú 10. Kí n tó kà: 3. Lẹ́yìn tí mo kà: 5. Lẹ́yìn ìsinmi: 3.» Nígbà tí orí gbéra láti 3 dé 5, ẹ̀rù ọmọ á bà á, á ní ọpọlọ òun ń bàjẹ́ sí i. Ohun tí àwọn àgbà Amsterdam sọ ni pé bí kò bá fi ju méjì lọ lórí òṣùwọ̀n yẹn, tí kò sì pé wákàtí kan kó tó rọlẹ̀, kò pa ọpọlọ lára, kó máa bá a lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kó dín in kù lọ́jọ́ kejì, kó má ṣe fi í sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú 10 á di 15.

Káyé yìí tún ń tú àṣírí kan tí mo máa ń bá pàdé lára àwọn ọ̀dọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ara tù ú, á fọ gbogbo aṣọ ilé, á tẹ̀ lé wọn lọ síbi ìnáwó tí wọ́n ti ń lu ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi sùn sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ilé á sì ní ẹ ò rí i, iṣẹ́ kò bá a lára mu. Ìwọ̀n iṣẹ́ kan náà lójoojúmọ́, yálà ara yá tàbí kò yá, ló sàn ju kó ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní ti èrò, n ò ní sọ fún un pé kó má bẹ̀rù, torí ta ni wọ́n sọ ọ́ fún tí kò bẹ̀rù? Màá ní kó kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣe nǹkan. «Bí mo bá ka ìṣirò fún ìṣẹ́jú 15, orí á dé 9.» Ó kà á, orí dé 5. Kò ní gbà á gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ bó bá ti rí i léraléra, tó sì jẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, ìbẹ̀rù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra rẹ̀.

Oorun ńkọ́? Kó máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, yálà ó sùn dáadáa tàbí kò sùn. Kó má sùn lọ́sàn-án. Kí fóònù kúrò nínú yàrá lálẹ́. Kó sì máa rìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kó yára díẹ̀, àmọ́ kí orí má fi bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ìwádìí kan láti Buffalo, ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí orí wọn gbá nǹkan tètè gbádùn ju àwọn tó kàn ń na iṣan apá àti ẹsẹ̀ wọn lọ. Ti ọmọ yín ti kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, àmọ́ ìrìn ṣì wúlò fún un. Bọ́ọ̀lù àti ohunkóhun tó lè tún fi orí rẹ̀ gbá nǹkan, rárá o, títí dókítà á fi yọ̀ǹda.

Ṣé ẹ̀rí wà pé ìtọ́jú yìí ń ṣiṣẹ́? Ó wà. Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọ̀dọ́ 49 tó wà láàárín ọdún 11 sí 17, tí ìṣòro orí wọn ti lé ní oṣù kan. Wọ́n fún àwọn kan ní TCC pẹ̀lú ẹni tó ń bá wọn ṣètò ilé ìwé àti dókítà, àwọn yòókù gba ìtọ́jú tó wà nílẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 13 nínú 100 lára àwọn ti àkọ́kọ́ ni ìyọnu wọn ṣì pọ̀, nígbà tó jẹ́ bí ìdá 42 lára àwọn yòókù. Ènìyàn 49 kò pọ̀, n ò ní fi bò yín lójú. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe psychologue nìkan ló ṣe é: ẹnì kan wà tó ń so ilé, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn pọ̀. Lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ìyá lẹ máa jẹ́ ẹni yẹn.

Torí náà, ẹ lọ bá dìrẹ́tọ̀ CEG, ilé ìwé girama rẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kọ́mọ wá fún wákàtí méjì láàárọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó jókòó síwájú níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò ti ní ta sójú rẹ̀, kí ẹnì kejì rẹ̀ yá a ní káyé láti dà á kọ, kí wọ́n má sì mú un sáré. Kí ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà dání, dìrẹ́tọ̀ fẹ́ràn ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Nílé, ẹ má béèrè «orí ńkọ́?» ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá bi í ló máa ń padà lọ wò ó.

Ẹ ò sọ̀rọ̀ oògùn, àmọ́ n ò rò pé oṣù méjì ààbọ̀ lè kọjá láìlo ọ̀kan. Ẹni tó bá ń lo paracétamol ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóṣù, tó sì ti pé oṣù mẹ́ta, oògùn náà gan-an lè máa fọ́ ọ lórí. Ẹ ka iye ọjọ́ tó ń lò ó, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà. Tramadol tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kó wọlé yín. Kí dókítà tún yẹ ọrùn, ojú àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí ọrùn tó rọ́ tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fa orí fífọ́ tí TCC kò ní rí ojútùú sí.

Ìyá ọkọ yín, n ò ní bá wọn jà. Àdúrà kì í ba ìtọ́jú yìí jẹ́. Ohun tí mo kọ̀ ni ààwẹ̀, àìsùn òru, àti kí wọ́n mú ọmọ lọ gbé nílé àdúrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbi tí kò ti ní rí ìwé tàbí ọ̀rẹ́. Bí àgbo bá wà, ẹ sọ orúkọ ewé tó wà níbẹ̀ fún dókítà.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ fò nínú lẹ́tà yín: ṣé ọmọ yìí tún ti gun alùpùpù láti ọjọ́ yẹn? Bó bá ń lálàá ìṣubú náà, tó ń ta gìrì bó bá gbọ́ ohùn alùpùpù, tàbí tó kọ̀ láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyẹn nílò ìtọ́jú tirẹ̀: kó dúró ti alùpùpù tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ rẹ̀, kó jókòó lé e, kó lọ dé òpin àdúgbò, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú kásíkì lórí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó ti máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìsọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni.

Ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn wa bí orí rẹ̀ bá ṣàdédé le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì, tàbí tí kò ṣeé jí lójú oorun. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì sọ pé ó sàn kóun kú, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú un wá lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà Kétu sí Àjàṣẹ́ kò kéré fún ẹni tórí ń fọ́. Bí a bá ti jókòó lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúkojú, a lè máa ṣe àwọn kan lórí fóònù. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, ẹ mú èsì sikánà, gbogbo páálí oògùn tó ti lò, àti káyé náà wá, kó ti kọ ọ̀sẹ̀ kan sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí bàbá rẹ̀ bá lè bá yín wá, inú mi á dùn, kó bi mí ní gbogbo ìbéèrè tó ń bí i nínú.