Ẹṣin Ìdíje Tó Ti Darúgbó: Báwo Ni Kí A Ṣe Yẹ́ Arẹwà Sí?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ẹṣin kan tó ń jẹ́ Arẹwà, ọmọ ọdún 24 ni. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi jọ ń lọ síbi ìdíje, ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì ni ọmọ mi obìnrin ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin. Ó ti ṣe díẹ̀ tí a ti yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje. Ẹgbẹ́ wa wá fẹ́ yẹ́ ẹ sí níbi ìdíje tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n gùn ún yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn, kí àwọn èèyàn sì fún un ní nǹkan jẹ. Inú mi dùn sí i, àmọ́ Arẹwà ti rù. Koríko tó bá fi sẹ́nu, á tún tu ú dànù ní ìdì kéékèèké. Irun ara rẹ̀ gùn, kì í re bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ogbó ni. Ṣé kí n mú un lọ? Kí ló tún yẹ kí n ṣe fún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Arẹwà. Ayẹyẹ yẹn ṣeé ṣe, màá sì sọ bó ṣe yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, koríko tó ń tu dànù yẹn ló jẹ mí lógún jù. Arẹwà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín àtẹ́wọ́ ìyìn àti ariwo lásán. Ohun tó lè mọ̀ lára ni pé òun yó, pé ẹsẹ̀ ò dun òun, pé ẹni tó mọ òun wà nítòsí. Ibẹ̀ ni ẹ̀yẹ tirẹ̀ wà.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ogbó nìkan ló mú un rù. Eyín ẹṣin ò dà bíi tiwa. Ó gùn wọnú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 lọ́dún, bí jíjẹ koríko ṣe ń mú orí rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ẹṣin bá fi máa tó ọdún 25 sí 30, èyí tó kù nínú egungun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òmíràn á ti máa mì, òmíràn á ti yọ, oúnjẹ á sì máa há sínú àlàfo, á máa jẹrà síbẹ̀. Eyín mìíràn lè mú ṣáṣá kó máa gé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ lè dúró ti koríko láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹ sì máa rò pé ó ń jẹun. Kò lè lọ̀ ọ́ ni, ló fi ń ká a dì, tó sì ń jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

Ẹ pe oníṣègùn ẹran tó mọ eyín ẹṣin dáadáa kó tó di ọjọ́ ayẹyẹ. Kó fún un ní oògùn tí ara rẹ̀ á fi rọlẹ̀, kó fi irin la ẹnu rẹ̀, kó sì tan iná wò ó dé ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti ìsinsìnyí lọ. Àmọ́ kó má fi ayùn ra eyín àgbàlagbà títí yóò fi tẹ́jú pẹrẹsẹ o. Èyí tó kù ò pọ̀, téèyàn bá sì ra á kúrò, kò sí òmíràn tó máa yọ dípò rẹ̀.

Ẹṣin tó bá wọn kílò 500 nílò nǹkan bíi kílò 7.5 sí 10 oúnjẹ koríko gbígbẹ lójúmọ́. Bí Arẹwà ò bá lè jẹ koríko gígùn mọ́, ẹ wá èyí tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ di wóró-wóró, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀ múlọ́múlọ́. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, kí ẹ sì máa fún un níbi tí àwọn ẹṣin ọ̀dọ́ ò ti ní lé e kúrò nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ọmọbìnrin yín tó gùn ún nígbà tó ṣì kéré náà lè máa po oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irun tó gùn yẹn kò ṣeé fojú kéré. Ẹṣẹ́ kékeré kan, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, wà nísàlẹ̀ ọpọlọ ẹṣin tó máa ń ṣàṣejù nígbà ogbó. PPID là ń pe àìsàn yìí, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin sì mọ̀ ọ́n sí Cushing. Nínú àwọn ẹṣin tó ti lé ní ọdún 15, nǹkan bí ẹyọ kan nínú márùn-ún ló ń ṣe. Irun á gùn, kò ní re lásìkò. Ẹran ẹ̀yìn á joro, ikùn á sọ̀ kalẹ̀, omi mímu àti ìtọ̀ á pọ̀, egbò ò sì ní tètè jinná. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ACTH, èròjà tí ẹṣẹ́ yẹn ń tú jáde, ló ń fi hàn. Kí oníṣègùn yín rántí ìgbà tó gba ẹ̀jẹ̀ náà, torí pé ní àwọn ilẹ̀ tó ní ìgbà òtútù, èròjà yẹn máa ń ga fúnra rẹ̀ kí òtútù tó dé. Oògùn pergolide tó máa ń lò lójoojúmọ́ títí ayé ni ìtọ́jú rẹ̀. Kò wò ó sàn, àmọ́ ó máa ń tù wọ́n lára gan-an.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú PPID ni laminitis, ìyẹn ìwúlé inú pátákò. Ìrora rẹ̀ kọjá àfẹnusọ, ṣúgà ló sì sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún un nínú irú ẹṣin báyìí. Ẹ wá wo ayẹyẹ tí ẹ fẹ́ ṣe: èrò rẹpẹtẹ, kálukú mú ápù, káróòtì àti ṣúgà dání. Títí àyẹ̀wò yóò fi jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní nǹkankan. Yàtọ̀ sí ṣúgà, ẹ̀là ápù tàbí káróòtì lè há ẹṣin tí kò léyín lọ́fun. Òdòdó náà ń kọ́? Ewé igi òdòdó tí wọ́n ń pè ní oleander àti ti igi yew lè pa ẹṣin, ìwọ̀nba díẹ̀ sì tó. Bí ẹ ò bá mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀gbà ọrùn yẹn, aṣọ ni kí ẹ fi ṣe é.

Ẹ má gùn ún. Gàárì tó bá a mu nígbà tó sanra á máa gún un léegun báyìí tí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ. Nígbà tí wọ́n gun Valegro, ẹṣin ìdíje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, níbi ìdágbére tí wọ́n ṣe fún un ní gbọ̀ngàn Olympia, ní London, lóṣù Kejìlá ọdún 2016, ọmọ ọdún 14 ni, ara rẹ̀ sì le. Huaso, ẹṣin ilẹ̀ Chile tó fò mítà 2.47 sókè lọ́dún 1949, kò bá wọn díje mọ́ lẹ́yìn ìfò yẹn, ó sì wà láyé di ọdún 1961. Ní tiyín, ẹ fi okùn mú Arẹwà wọlé láìdì í ní gàárì, kí ọmọbìnrin yín ló mú un, kí ẹṣin tí wọ́n jọ ń gbé sì tẹ̀ lé wọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ sọ fún ẹgbẹ́ pé ilé ẹṣin yín ni kí wọ́n wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ fọwọ́ kan iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ kà á. Tó bá ti sinmi, 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ kó jẹ́. Ìwọ̀n ìgbóná ara sì wà láàárín 37.5 àti 38.5 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí èyíkéyìí bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó dúró sílé.

Lẹ́yìn ayẹyẹ, ẹ má tì í mọ́lé. Oríkèé àgbà máa ń gan tí kò bá rìn, nítorí náà ìta gbangba lójoojúmọ́ dára ju yàrá olówó iyebíye lọ. Ẹ má dá gígé pátákò dúró nítorí pé kò díje mọ́. Ẹ ṣì máa fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara rẹ̀, kí ẹ máa di gọ̀gọ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń dì í fún ìdíje. Ó ti mọ ìyẹn mọ́ra, ọwọ́ yín á sì tètè kan kókó tàbí egbò lábẹ́ irun gígùn yẹn.

Ẹ dákun, ẹ fara da ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ jókòó nísinsìnyí tó ṣì ń jẹ, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fẹ́ràn jù sílẹ̀: bóyá yíyí ara nínú iyẹ̀pẹ̀, bóyá kíké sí yín láàárọ̀. Ọjọ́ tí kò bá lè ṣe púpọ̀ nínú wọn mọ́, tàbí tó ń dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ láìjẹ̀rora. Ẹ ti ṣètò ibi tí wọ́n máa sin ín ṣáájú, torí pé oògùn inú abẹ́rẹ́ yẹn lè pa ajá tàbí ẹyẹ tó bá jẹ òkú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ irun ìrù rẹ̀ fún ìrántí, ẹ gé e nígbà tó wà láàyè.

Ní báyìí ná, eyín àti ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ mójú tó lọ́sẹ̀ yìí. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ bá dára, ẹ lè ha káróòtì kan kéékèèké sínú oúnjẹ rírẹ rẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ.