Páìnì ní ilẹ̀ tí omi ń dúró sí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè irú igi páìnì abínibí, èyí tí kì í wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó lè hù ní ẹ̀yìn ilé yín tí ó rọra dagun lọ sí odò Ọ̀nà, níbi tí omi òjò kì í tètè gbẹ. Igi gbígbìn sí àgbàlá ni iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn, mo sì ti hú òkú páìnì púpọ̀ jáde nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti abínibí, Podocarpus, igi kan tí ó jẹ́ ìbátan páìnì, ni ẹ lè máa gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n orí òkè Mambilla níbi tí òtútù ti ń mú ni ibùgbé rẹ̀, n kò sì ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa wá a kiri. Àlejò ni àwọn tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì: páìnì Karibíà wá láti Amẹ́ríkà Àárín, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ tò ní ìpele-ìpele sì wá láti erékùṣù Norfolk lẹ́bàá Ọsirélíà. Casuarina, tí wọ́n sábà máa ń pè ní páìnì, kì í tilẹ̀ ṣe ẹbí wọn.

Omi fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń pa wọ́n. Nígbà tí omi bá dí gbogbo àlàfo inú amọ̀, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí mọ́, ìdíbàjẹ́ á sì wọ inú rẹ̀ kí ewé tó fi hàn. Ìgbà tí ewé abẹ́rẹ́ bá ń pọ́n láti inú bọ̀ síta, àwọn ènìyàn á rò pé òǹgbẹ ni, wọ́n á tún bu omi sí i! Ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ fi ìka méjì fa gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ kan: bí ó bá ti bàjẹ́, èèpo rẹ̀ dúdú á bọ́ sí yín lọ́wọ́, á ku okùn tín-ín-rín àárín rẹ̀ nìkan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùṣọ́gbà máa ń sọ ni pé kí ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn rárá, nítorí pé amọ̀ tí ó yí kòtò náà ká kò ní jẹ́ kí omi jáde, ẹ ó kàn ti ri ìkòkò mọ́ ilẹ̀ fún igi náà ni. Ebè ni kí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹ fi ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pò mọ́ ewé jíjẹrà, kí ẹ wá la gọ́tà kékeré láti òkè kí omi lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí gbòǹgbò lè ti mú ilẹ̀ kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé.

Bí ó bá jẹ́ páìnì Karibíà ni ẹ mú, ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀ láti abẹ́ páìnì àgbà tí ara rẹ̀ dá, kí ẹ pò ó mọ́ ebè náà. Olú kan wà nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ń bá gbòǹgbò páìnì gbé, tí ń bá a fa oúnjẹ. Láìsí i, igi náà kò ní dàgbà dáadáa, ewé rẹ̀ á sì pọ́n. Ẹ tú gbòǹgbò tí ó bá ti lọ́ pọ̀ nínú ọ̀rá kí ẹ tó gbìn ín.

Kí ẹ tó náwó, ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, ẹ bu omi kún un nírọ̀lẹ́. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ láàárọ̀, ebè di dandan. Bí ó bá sì jẹ́ pé omi ń sun wọ inú ihò náà láti ìsàlẹ̀, ẹ fi páìnì sílẹ̀, kí ẹ gbin àbùrà, ẹni tí àbàtà jẹ́ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ògiri ilé àti ṣalangá, nítorí igi ńlá ni.