Òròmọdìẹ tó ń tòògbé lọ́sàn-án gangan

Ẹ BI ÌYÁ ALÁDÌẸ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, ni mò ń gbé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ mi ra òròmọdìẹ kan fún ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 7, lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri wọn nínú páálí. Ọmọ náà sọ ọ́ ní Àjọkẹ́. Inú páálí tòmátò alágolo ló ń sùn. A máa ń pààrọ̀ pépà abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń da omi rẹ̀ nù. Láti ìjẹta, kò sáré mọ́. Ó ń dúró sí kọ̀rọ̀, ó fi apá sílẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ rú bíi ti adìẹ tí òjò pa, ó sì ń tòògbé lọ́sàn-án gangan. Láàárọ̀ yìí, mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Aládùúgbò kan ní kí n po ata gígún mọ́ omi fún un. Òmíràn ní kí n tú kápsù alápá pupa, alápá yẹ́lò sínú omi. Ìyá ọkọ mi ní kí n tètè pa á kó tó kú. Ọmọ mi ò fẹ́ jẹun. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Mo ti tẹ ìdáhùn kúkúrú ránṣẹ́ sórí fóònù yín lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé, torí òròmọdìẹ tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ kò lè dúró de ìwé ìròyìn. Èyí tó gùn yìí, gbogbo wa la ni ín.

Orúkọ tí ọmọ yín sọ adìẹ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n sì ń jọ kẹ́ ẹ lóòótọ́: ẹnì kan fẹ́ fi ata kẹ́ ẹ, ẹnì kan fẹ́ fi kápsù kẹ́ ẹ, ìyá ọkọ yín fẹ́ fi ìkòkò ọbẹ̀ kẹ́ ẹ. Ẹ dá ata padà sílé ìdáná.

Adìẹ kì í pariwo àìsàn. Ewúrẹ́ á ké, ajá á kùn, ṣùgbọ́n òròmọdìẹ á máa ṣe bíi pé kò sí nǹkan kan títí agbára á fi tán, torí láàárín ara wọn, èyí tí kò bá lókun ni wọ́n máa ń ṣá lẹ́nu. Tí ẹ bá fi rí i tó ń tòògbé lọ́sàn-án, àìsàn ti wọlé ṣáájú ọjọ́ náà.

Bí èmi ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Lálẹ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹun tán, màá fi ọwọ́ kan gbé e lábẹ́ àyà, màá fi ìkejì bo ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà já pàrà. Màá fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn, lápá ọ̀tún. Ó yẹ kó kún, kó sì rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a ti pò. Tó bá pẹlẹbẹ, kò jẹun lọ́jọ́ náà. Màá wá fi ìka tọ egungun àyà. Tó bá mú bí ojú ọ̀bẹ, ebi ti ń pa á tipẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdí. Bí ìgbẹ́ bá gbẹ mọ́ ọn níbẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi rẹ̀ ẹ́ kúrò. Ẹ má fà á tu, awọ á bá a lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ tó bá yí padà ló ń dẹ́rù bani o. Èyí tó le, tí funfun dé e lórí, ni ti adìẹ tí ara rẹ̀ dá. Láàárín ọjọ́, á tún máa ya òmíràn tó rọ̀, tó dúdú bí ẹrẹ̀, tó ń rùn gan-an. Bí ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀, lára òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 tí ìyẹ́ rẹ̀ rú, coccidiosis ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò rí ló ń fà á. Ara ìfun ló ń bà jẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ẹyin kòkòrò náà á bá ìgbẹ́ jáde. Tó bá bọ́ síbi tí omi ti rin, tó sì móoru, nǹkan bí ọjọ́ 1 sí 2 ló máa lò kó tó lè ṣèjàǹbá, adìẹ á wá ṣà á jẹ padà.

Ẹ wá wo páálí yín: omi ń dà nù lójoojúmọ́, pépà ń lo ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe ẹni ibi kankan ló wo adìẹ yín. Pépà tútù ni. Ẹ jó páálí yẹn. Lẹ́búlẹ́bú pákó gbígbẹ ni kí ẹ tẹ́ sí òmíràn, kí ẹ máa kó èyí tó bá tutù dànù ní gbogbo àárọ̀, kí ẹyin náà má ráyè dàgbà. Ike omi, omi tó ń hó ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ sá a sóòrùn. Omi apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í sábà ran ẹyin yìí.

Oògùn rẹ̀ ni amprolium. Ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù oògùn adìẹ, kí ẹ sì pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Omi yẹn nìkan ni kó máa mu, tuntun lójoojúmọ́. Aláìsàn lè kọ oúnjẹ kó sì máa mumi, ìdí nìyẹn tí oògùn fi ń gba inú omi. Ẹ má da fítámì mọ́ ọn. Oògùn yìí jọ fítámì B1, òun ló fi ń tan kòkòrò náà jẹ: kòkòrò á gbé ayédèrú mì, ojúlówó á sì wọ́n ọn. Tí ẹ bá bu B1 sí i, kòkòrò lẹ ń bọ́ yẹn. Ẹ̀yìn oògùn ni fítámì. Ní ti kápsù, kòkòrò mìíràn ni wọ́n ṣe é fún, ìwọ̀n èèyàn ló sì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ooru ṣáájú oògùn. Ẹ ti mọ ti iná wa. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí kó lè sún mọ́ ọn tàbí kó sá fún un. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí ẹ tì pa. Á pa adìẹ, á sì pa yín.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ra òròmọdìẹ 12 ní Sábó. Ọ̀kan rẹ̀wẹ̀sì. Mo là á lẹ́nu, mo da ṣíbí omi ṣúgà kan sí i. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó na ẹsẹ̀, ó tán lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo pa á, àìsàn kọ́. Ihò tí adìẹ fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n gan-an. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kán kan ni mo máa ń kán sí ẹ̀gbẹ́ àgógó rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ gbé e mì kí n tó kán òmíràn.

Tó bá jẹ́ ọrùn ló ń lọ́, tí àwọ̀ ìgbẹ́ sì dà bí ewé, àrùn lúkúlúkú, tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, ni màá bẹ̀rù. Ìyẹn ò ní oògùn. Àjẹsára ló ń dènà rẹ̀ kó tó dé. Tí adìẹ púpọ̀ bá sì ń kú lójijì, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ pe dókítà ẹran.

Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín. Ẹ ní mo ní adìẹ tó ń ṣàìsàn kì í ṣe ẹran ọbẹ̀. Kí ọmọ máa fi ọṣẹ fọwọ́ tó bá ti gbé e tán, kó má sì fẹnu kò ó lẹ́nu, torí adìẹ tí ara rẹ̀ dá pàápàá lè kó inú rírun ran èèyàn.

Mo ti rí àwòrán ìgbẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ àná. Ẹ̀jẹ̀ ti dín kù. Ẹ má tíì dá oògùn dúró o. Ẹ lò ó pé iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀.