Ta ni aṣọ́lé tó borí jù lọ nínú NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín ti Amẹ́ríkà àti Kánádà?

Martin Brodeur, ọmọ Kánádà, ni: ó borí nígbà 691, láìka eré ìparí sáà mọ́ ọn. Eré 1,266 ló gbá, kò sì jẹ́ kí gólì kankan wọlé nínú 125. Ẹgbẹ́ New Jersey Devils ló ti lo gbogbo rẹ̀, àfi eré 7 tó fi parí ní ẹgbẹ́ St. Louis. Ó gba ife Stanley, ife tí wọ́n ń fún ẹgbẹ́ tó gba líìgì náà, ní 1995, 2000 àti 2003.

Ẹni tó béèrè láti Ẹ̀pẹ́ ní yìnyín tí òun mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja lọ́jà Olúwo lọ. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi igi gbá lórí yìnyín ọ̀hún. Ó wúwo tó gíráàmù 170, wọ́n sì máa ń mú un dì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ló fi ń le bí òkúta. Ìdí nìyẹn tí aṣọ́lé fi ń di ara bámúbámú.

Àmọ́ o, láti sáà 2005 sí 2006 ni wọ́n ti fòpin sí ọ̀mì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ borí nínú eré kọ̀ọ̀kan, èyí sì ran iye Brodeur lọ́wọ́. Patrick Roy, aṣọ́lé mìíràn tó borí nígbà 551, kò jẹ nínú àǹfààní yẹn, torí ó ti fẹ̀yìn tì ní 2003.