Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Ìgbádùn Fífún Aláǹtakùn Onírun Lóúnjẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdúgbò Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Oṣù méje rèé tí mo ti ń sin taràńtúlà, aláǹtakùn ńlá onírun tí ọ̀rẹ́ mi kan rà fún mi ní Èkó. Ẹni tí ó tà á fún un sọ pé ilẹ̀ Ṣílè ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti wá, pé abo ni, ó sì ti dàgbà. Kí n má parọ́, kò sí ohun tí ó ń mú inú mi dùn ní alẹ́ tó kí n ju ìrẹ̀ sí i, kí n sì jókòó máa wo bí yóò ṣe kì í mọ́lẹ̀, nítorí náà ojoojúmọ́ ni mo ń fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 19 rèé tí kò ti fẹnu kan nǹkan kan, ibi tí irun ti re lórí ikùn rẹ̀ sì ti dúdú. Ìrẹ̀ mẹ́ta ń rìn kiri lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú àpótí, kò tilẹ̀ kọbi ara sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹ̀san ni, pé ìwà ìkà ni kí ènìyàn máa fi ikú kòkòrò ṣe ìran wò. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kí o tó ka èyí tán, dìde, kí o kó ìrẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ohun tí o ṣàlàyé yìí jọ ti taràńtúlà tí ó fẹ́ bọ́ awọ. Tí àkókò náà bá ti ń sún mọ́lé, kì í jẹun mọ́, ibi tí irun ti re lórí ikùn rẹ̀ yóò sì dúdú nítorí awọ tuntun tí ó ti hù sí abẹ́ ti àtijọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, yóò fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò sì kọjú sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti kú, tí yóò sì gbé e lọ sí ààtàn. Má fọwọ́ kàn án, má yí i padà. Bí ó bá ti bọ́ awọ tán, ara rẹ̀ yóò rọ̀, eyín rẹ̀ yóò funfun, kò sì ní lè fi í gé ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ìrẹ̀ ní ẹnu tí ó mú, ó sì lè jẹ ẹ́ lára títí tí yóò fi kú. Fún un ní nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14, títí tí eyín náà yóò fi dúdú kirikiri, kí o tó tún gbé oúnjẹ wá.

Ti ebi kọ́ ni kí o máa rò. Bí ó bá jẹ́ irú ti Ṣílè lóòótọ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Grammostola rosea, ó lè gbààwẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìtilẹ̀ fẹ́ bọ́ awọ, láìsí àìsàn kankan. Abo rẹ̀ lè gbé ayé ju 20 ọdún lọ. Ẹranko tí yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í kánjú jẹun. Omi ni kí ó má ṣe wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́: àwo pẹlẹbẹ kékeré kan tó, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ojoojúmọ́ tí o ń fún un lóúnjẹ ni mo fẹ́ bá ọ wí lé lórí. Ìrẹ̀ kan tàbí méjì láàárín ọjọ́ 7 sí 10 ti tó àgbà taràńtúlà, kí ìrẹ̀ náà má sì tóbi ju ikùn rẹ̀ lọ. Ikùn tí ó bá wú jù lè bẹ́ bí ó bá já bọ́ láti ara ògiri àpótí. Èmi náà ti jẹ̀bi ìkánjú yìí rí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo ń sin tèmi, mo máa ń ṣí ìdérí sílẹ̀, màá sì fi igi ìgbálẹ̀ máa ti ìrẹ̀ lẹ́yìn kí ìran náà lè tètè bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó yíjú padà, ó sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọn irun ikùn rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ẹni tí wèrèpè bá ti ta rí nìkan ni ó lè mọ bí mo ṣe fi ọjọ́ méjì yún ara. Ẹ̀mú gígùn ni mo ń lò láti ìgbà náà.

Bí o bá sì mú sùúrù, o kò ní pàdánù ohunkóhun, nítorí inú ìdúró yẹn gan-an ni adùn wà. Ojú mẹ́jọ ni ó ní, síbẹ̀ kò ríran dáadáa. Irun ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń mọ̀ pé nǹkan ń rìn lórí ilẹ̀. Ìrẹ̀ yóò dúró, yóò máa fi ìwo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wá ọ̀nà. Taràńtúlà kò ní mira. Ìrẹ̀ yóò gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ iwájú taràńtúlà náà yóò sì gbéra díẹ̀, bíi ti ẹni tí ó fetí sí ohùn abẹ́ ilẹ̀. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti bò ó mọ́lẹ̀, eyín méjèèjì ti wọlé láti òkè bí ìgbà tí a bá sọ ọkọ́ méjì sílẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun tí mo fẹ́ràn jù yóò wáyé: pẹ̀lú ìrẹ̀ lẹ́nu, yóò máa yí po lójú kan náà, yóò máa fi ìdí kan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà obìnrin tí ń jó níbi ìnáwó. Òwú ni ó ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní tí yóò fi wé oúnjẹ rẹ̀. Kì í gbé ẹran mì. Omi kan ni ó ń tú sí i tí ó ń sọ ọ́ di ọbẹ̀, tí yóò sì máa fà á mu fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní òwúrọ̀, pàǹtí róbótó kan bí hóró ẹ̀wà ni ìwọ yóò bá nílẹ̀. Fi ẹ̀mú yọ ọ́ kí ó má baà hu.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, n kò gbà pé ìkà ni kí ènìyàn wo ẹranko tí ń jẹun. Tata tí adìẹ ń lé kiri àgbàlá, ta ni kì í wò ó? Ṣùgbọ́n kí a fi ìrẹ̀ mẹ́ta ti ẹni tí kò lè jà mọ́lé nítorí ìran, àbùkù wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí o bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ìlú Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi tí ó wà ní FUTA gbé taràńtúlà wálé fún ìsinmi. Aáyán ilé ìdáná mi ni ó ń mú fún un, bàbá rẹ̀ sì máa ń bá a mú tata bọ̀ láti oko kòkó. Mo sì máa ń fín oògùn apakòkòrò ní ilé ìdáná. Ṣé kò léwu?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ó léwu fún taràńtúlà náà gidigidi. Aáyán tí oògùn bá ti kàn, tí kò sì tíì kú, májèlé ni ó gbé sínú. Bákan náà ni tata oko kòkó, nítorí a máa ń fín oko náà nítorí àwọn kòkòrò tí ń fa omi ara èso kòkó mu. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un ní ẹran tútù dípò rẹ̀, yóò jẹrà nínú àpótí.

Ẹ ní kí ó máa sin ìrẹ̀ fúnra rẹ̀. Ike ńlá tí a dá ìdérí rẹ̀ lu, kíréètì ẹyin tí wọn yóò máa sá pamọ́ sí, kárọ́ọ̀tì àti ewé tẹ̀tẹ̀ tí a fọ̀ dáadáa, àti òwú tí a rẹ sínú omi kí wọ́n má baà kú sínú àwo omi, ti tó. Abọ́ yanrìn tútù ni wọn yóò yé ẹyin sí. Kí ó gbé ike náà sórí òkúta nínú àwo omi, nítorí èèrà. Akọ ìrẹ̀ ni ó ń ké lóru. Bí ariwo wọn bá ń dí yín lójú oorun, ẹ jẹ́ kí ó gbé wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ òrùlé tí òjò kò ti ní kàn wọ́n.